Orí Kẹjọ: Òdòdó Ìyeyè Inú Àbàtà: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bò Ó

Èròǹgbà ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí dópin, yóò lè:

1. ṣàlàyé ohun tí ilẹ̀ àbàtà jẹ́;
2. lo kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ láti ya ewéko olódòdó ìyeyè kan sọ́tọ̀ láàrin àwọn tó jọ ọ́;
3. sọ bí omi, ẹrẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn ṣe ń mú kí *Ranunculus ophioglossifolius* wà láàyè;
4. ṣàlàyé ìdí tí ọgbà tí a ṣe yí ewéko ká fi lè ṣe é ní jàǹbá;
5. ṣírò iye ewéko tó wà lórí ilẹ̀ kan láìka gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

8.1 Ìfáàrà

Orí omi ni ojúoró àti òṣíbàtà jọ ń gbé, síbẹ̀ kò sí àgbà Yorùbá tí yóò pe ọ̀kan ní èkejì. Ojúoró ń léfòó, gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ sínú omi bí irùngbọ̀n, kò sì kan ilẹ̀. Òṣíbàtà tẹ́ ewé rẹ̀ pẹrẹsẹ sójú omi, ṣùgbọ́n inú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ẹni tó kọ́kọ́ ya orúkọ wọn sọ́tọ̀ ti fara balẹ̀ wò wọ́n. Ìfarabalẹ̀ yẹn náà ni orí yìí ń kọ́ni. Òṣùwọ̀n, orúkọ ìjìnlẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ni a kàn fi kún un.

Ewéko tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Abúlé Badgeworth, ní ẹkùn Gloucestershire ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ó ti bá a pàdé. A yàn án nítorí pé ẹ̀kọ́ inú ìtàn rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n wá ilẹ̀ fún un, wọ́n ṣe ọgbà yí ilẹ̀ náà ká, ọgbà yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Wọn kì í ṣe aláìbìkítà rárá. Wọn kò tíì mọ bí ewéko náà ṣe ń gbé ayé rẹ̀ ni.

8.2 Àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Ilẹ̀ àbàtà ni ilẹ̀ tí omi bò, tàbí tí omi rin gbindin, ní gbogbo ọdún tàbí ní apá kan nínú ọdún. Irà, àkùrò, ẹ̀bá ọ̀sà, ọ̀gọ̀dọ̀ tó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: gbogbo wọn ni orúkọ yìí kó pọ̀. Àdéhùn àgbáyé tí a ṣe ní ìlú Ramsar, ní orílẹ̀-èdè Íráànì, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1971, tún ka etí òkun mọ́ ọn, níwọ̀n ìgbà tí omi ibẹ̀ kò bá jìn ju mítà 6 lọ nígbà tí òkun bá fà. Nítorí ọjọ́ náà ni a ṣe ń ṣe Ọjọ́ Ilẹ̀ Àbàtà Àgbáyé ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn yìí, ilẹ̀ àbàtà 11 ló sì ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yà ni àwùjọ àwọn ẹ̀dá tó jọra, tí wọ́n lè bára wọn mú irú ọmọ jáde, tí àwọn ọmọ náà sì lè bí irú tiwọn. Ọ̀rọ̀ méjì ni orúkọ ìjìnlẹ̀ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Èkíní jẹ́ ti ìran, bí orúkọ ìdílé. Èkejì jẹ́ ti ẹ̀yà náà gan-an, bí orúkọ àbísọ.

Ewéko ọlọ́dún kan ni èyí tó ń hù, tó ń tanná, tó ń so, tó sì ń kú láàrin ọdún kan ṣoṣo, bí àgbàdo. Ewéko ọlọ́dún púpọ̀ máa ń rúwé láti ara gbòǹgbò tàbí ìtì àtijọ́ lọ́dọọdún, bí ewúro. Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó nínú ìdáàbòbò. Bí ọdún kan bá burú fún ewúro, gbòǹgbò rẹ̀ yóò dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ewéko ọlọ́dún kan kò ní nǹkan mìíràn tí yóò fi dúró ju hóró lọ.

Àká irúgbìn inú ilẹ̀ ni gbogbo hóró alààyè tó wà nínú ilẹ̀ tí kò tíì hù. Bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká de ọdún tí òjò bá ṣe ségesège, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń pa hóró mọ́ sínú. Àwọn hóró kan ń kú láàrin oṣù díẹ̀. Àwọn mìíràn ń sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó jí.

Rírú ilẹ̀ ni ohunkóhun tó bá ya koríko kúrò lójú ilẹ̀ tí ilẹ̀ fi hàn sí oòrùn: pátákò màlúù, ọkọ́, àgbàrá, àní ẹlẹ́dẹ̀ tó ń fi imú túlẹ̀ pàápàá.

Ìdáàbòbò ni iṣẹ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe kí ẹ̀yà kan má baà parun níbi tó ń gbé. Akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí i pé iṣẹ́ ni a pè é. Kí á fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án lè jẹ́ ìdáàbòbò ní ibì kan, kí ó sì jẹ́ ìparun ní ibòmíràn.

8.3 Ewéko náà àti orúkọ rẹ̀

*Ranunculus* jẹ́ ọ̀rọ̀ Látìn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "àkèré kékeré", nítorí pé ibi olómi tí àkèré ń gbé ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà inú ìran yìí ń hù. *Ophioglossifolius* ń sọ pé ewé rẹ̀ jọ ti *Ophioglossum*, ewéko kékeré kan tí orúkọ tirẹ̀ túmọ̀ sí "ahọ́n ejò". Ewéko yìí kò ní orúkọ ní èdè Yorùbá, níwọ̀n bí kò ti sí lọ́dọ̀ wa. Kí ó lè rọrùn lẹ́nu, a ó máa pè é ní ahọ́n-ejò àbàtà nínú orí yìí.

Agbègbè Òkun Mẹditaréníà ni ilé rẹ̀ gan-an: Sípéènì, gúúsù Faransé, Ítálì, Àríwá Áfíríkà, títí dé apá ìwọ̀-oòrùn Éṣíà. Ó tún na ẹsẹ̀ dé erékùṣù Gotland ní Súwídìn, ó sì dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti wà ní ẹkùn Dorset rí, ṣùgbọ́n ó ti pòórá níbẹ̀. Lónìí, ibi méjì péré ni a mọ̀ ọ́n mọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gloucestershire sì ni méjèèjì wà: Badgeworth àti Inglestone Common.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé: bí ó bá pọ̀ ní Sípéènì, kí ló dé tí a fi ń ṣe wàhálà lórí ìwọ̀nba tó wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ìbéèrè gidi ni. Ewéko tó wà ní ìpẹ̀kun ibi tí ẹ̀yà rẹ̀ lè gbé máa ń fara da òtútù, omi tàbí ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ìbátan rẹ̀ ní àárín ilé kì í bá pàdé. Ní ọ̀pọ̀ ìran, irú ìfaradà bẹ́ẹ̀ máa ń wọ inú àbùdá tí hóró ń gbé kiri. Bí èyí tó wà ní ìpẹ̀kun bá parun, a kò lè fi hóró Sípéènì dá a padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

8.4 Ìdánimọ̀

8.4.1 Àwọ̀ nìkan kò tó

Àwọ̀ ìyeyè wọ́pọ̀ púpọ̀ láàrin òdòdó. Ohun aláwọ̀ tó wà nínú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kárótínọ́ìdì, ló ń fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọ̀ náà. Òdòdó ìran *Ranunculus* ní ohun kan tó fi yàtọ̀ díẹ̀: ó ń dán bí ẹni fi epo pa á. Awọ òkè rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí dígí, afẹ́fẹ́ sì wà ní ìpele kan lábẹ́ awọ náà tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà. Síbẹ̀, dídán yìí ń sọ ìran fún wa ni, kò sọ ẹ̀yà. Ẹni tó bá kọ "òdòdó ìyeyè nínú omi" sínú ìwé rẹ̀ kò tíì kọ nǹkan kan tí ẹlòmíràn lè lò.

8.4.2 Ohun tí a ń wò

Ewé ìsàlẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe òdòdó. Ewé ìsàlẹ̀ ahọ́n-ejò àbàtà ní ọ̀pá gígùn, ó fẹ̀ bí ẹyin, ìdí rẹ̀ sì wọnú bí àwòrán ọkàn. Bí a bá ṣe ń gòkè lára igi rẹ̀ ni ewé ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tí ọ̀pá ewé sì ń kúrú. Gíga rẹ̀ kì í sábà ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Igi rẹ̀ ní ihò nínú.

Lẹ́yìn náà ni òdòdó. Pẹ́tàlì ni àwọn ewé aláwọ̀ inú òdòdó; sẹ́pàlì ni àwọn ewé kéékèèké tó bo òdòdó nígbà tó ṣì wà ní pípadé, tí wọ́n sì wà lẹ́yìn pẹ́tàlì nígbà tó bá là. Ahọ́n-ejò àbàtà ní pẹ́tàlì 5 àti sẹ́pàlì 5. Òdòdó rẹ̀ kéré, mìlímítà 5 sí 9 ni fífẹ̀ rẹ̀, ìyeyè rẹ̀ sì ṣá díẹ̀ ju ti àwọn ìbátan rẹ̀ lọ.

Èso ló ń parí àríyànjiyàn. Ìṣù èso oníhóró kan ni ìran *Ranunculus* máa ń so: èso gbígbẹ wẹ́wẹ́, hóró kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ṣù jọ sórí kan. Bí a bá fi awò amúǹkantóbi wo ti ahọ́n-ejò àbàtà, a ó rí i pé ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki pẹ̀lú wíwú tín-ín-tín, bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ti ìbátan rẹ̀ tó jọ ọ́ gan-an, *Ranunculus flammula*, kò ní wíwú wọ̀nyí.

*Ìkìlọ̀:* oje ìran yìí ń ta ènìyàn lára, ó sì lè bó ẹnu. A kì í tọ́ ọ wò láti fi dá a mọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ wẹ ọwọ́.

8.4.3 Kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀

Kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìbéèrè oníhà méjì. A ó mú ìhà tó bá ewéko ọwọ́ wa mu, a ó sì lọ sí nọ́ńbà tí ó júwe. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún àwọn ewéko olódòdó ìyeyè mẹ́fà láti ìdílé kan náà, tó ń hù ní àbàtà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

1a. Kò sí sẹ́pàlì aláwọ̀ ewé lẹ́yìn òdòdó. Ewé rí roboto bí kíndìnrín: *Caltha palustris*.
1b. Sẹ́pàlì wà lẹ́yìn pẹ́tàlì: lọ sí 2.

2a. Ewé pín tàbí ó là wọnú jinlẹ̀: lọ sí 3.
2b. Ewé odidi ni: lọ sí 4.

3a. Òdòdó mìlímítà 5 sí 10. Ìṣù èso gùn sókè ju bó ṣe fẹ̀ lọ: *Ranunculus sceleratus*.
3b. Òdòdó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣù èso rí roboto. Ó ń fi ẹ̀ka rá lórí ilẹ̀ tó sì ń ta gbòǹgbò: *Ranunculus repens*.

4a. Òdòdó mìlímítà 20 sí 50. Ewéko lè ga ju mítà kan lọ: *Ranunculus lingua*.
4b. Òdòdó kò tó 20 mìlímítà: lọ sí 5.

5a. Ewé ìsàlẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ rí bí ọkàn. Èso rí ṣákiṣàki. Ọlọ́dún kan: *Ranunculus ophioglossifolius*.
5b. Ewé ìsàlẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ sídìí. Èso kò ní wíwú. Ọlọ́dún púpọ̀: *Ranunculus flammula*.

Nọ́ńbà 5 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé ewéko méjèèjì lè hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ewé tó bá sì wà lábẹ́ omi máa ń yí ìrísí padà. Bí èso kò bá tíì gbó, kí a kọ "kò dájú" sílẹ̀, kí a sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

8.4.4 Àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jáde lọ sí àkùrò ní Nàìjíríà yóò rí òdòdó ìyeyè tó jọ ti òkè yìí láti òkèèrè. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìran *Ludwigia*. *Ludwigia octovalvis* àti *Ludwigia decurrens* wà lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń gbin ìrẹsì sì mọ̀ wọ́n dáadáa gẹ́gẹ́ bí èpò. Pẹ́tàlì 4 ni wọ́n ní. Nǹkan gígùn tó dà bí ọ̀pá lẹ́yìn òdòdó wọn ni àpò èso. Hóró wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, kì í ṣe ìṣù èso oníhóró kan. Igi *Ludwigia decurrens* tún ní ìgún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí òdòdó ìyeyè náà bá ní ìwo kékeré lẹ́yìn, tí àpò tín-ín-tín sì so mọ́ ewé rẹ̀ lábẹ́ omi, *Utricularia* ni. Àwọn àpò yẹn ni pàkúté tó fi ń mú kòkòrò omi jẹ.

Ìdánimọ̀ lè gba ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà kejì pẹ̀lú. *Ludwigia grandiflora*, tí ilé rẹ̀ wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, dé Yúróòpù gẹ́gẹ́ bí òdòdó ẹ̀ṣọ́ fún adágún omi inú ọgbà. Ó sá sínú odò, ó sì bo omi mọ́lẹ̀. Ẹ̀yà ajẹgàba ni a ń pe irú rẹ̀: ẹ̀yà àlejò tó tàn kálẹ̀ débi pé ó ń ba ibùgbé àwọn onílé jẹ́. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka títà rẹ̀ léèwọ̀. Nítorí náà, òdòdó ìyeyè méjì lè wà nínú omi kan náà, kí òfin ní kí a má fọwọ́ kan ọ̀kan, kí ó sì ní kí a fa èkejì tu. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

8.5 Bí ahọ́n-ejò àbàtà ṣe ń gbé ayé rẹ̀

Ọ̀gọ̀dọ̀ tí omi rẹ̀ kún nígbà òtútù tó sì fà nígbà ooru ni ibùgbé rẹ̀. Hóró rẹ̀ ń hù lórí ẹrẹ̀ tútù ní ìgbà ìwọ́wé àti ní ìgbà ìrúwé. Bí omi bá bo àwọn tó ti hù nígbà òtútù, omi náà ń ṣe aṣọ fún wọn, kí yìnyín má baà jó wọn. Nígbà tí omi bá fà, wọ́n á dìde, wọ́n á tanná láti nǹkan bí oṣù Kẹfà, wọ́n á so, wọ́n á sì kú. Hóró wọn yóò bọ́ sínú ẹrẹ̀ tó wà nídìí wọn.

Ohun tó ń dà á láàmú jù ni ìdíje, ìyẹn bí àwọn ewéko ṣe ń já oòrùn, omi àti ilẹ̀ gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ewéko kékeré ọlọ́dún kan kò lè bá koríko omi bí *Glyceria fluitans* jà, nítorí koríko yìí ní gbòǹgbò lórí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ń tàn bí ẹní. Àyàfi bí nǹkan kan bá la ẹní náà sí méjì ni ahọ́n-ejò àbàtà fi lè rí ojú ẹrẹ̀ tí yóò hù sí. Màlúù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ayébáyé: wọ́n ń jẹ koríko, wọ́n sì ń fi pátákò tẹ ẹrẹ̀ dé inú.

8.6 Ọgbà Badgeworth

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ ìpamọ́ ẹ̀dá tí Charles Rothschild dá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1912 gba ilẹ̀ kékeré kan ní Badgeworth nítorí ewéko yìí. Ilẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 300 mítà onígun mẹ́rin. Bí a bá fi wé pulọ́ọ̀tì ilé ti Èkó, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, kò tó ìdajì rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń kà á mọ́ àwọn ilẹ̀ ìpamọ́ ẹ̀dá tó kéré jù lọ ní àgbáyé.

Wọ́n ṣe ọgbà yí i ká. Ní ìgbà yẹn, èrò gbogbo ènìyàn ni pé ewu ewéko tó ṣọ̀wọ́n ni ọwọ́ tó ń já a àti ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ti dá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dúró, ewéko yóò pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Màlúù kò ráyè wọlé mọ́. Koríko sì dìde. Ọdún ń gorí ọdún, ẹní koríko ń nípọn, ahọ́n-ejò àbàtà ń dín kù, títí a fi dé àwọn ọdún tí a kò rí ẹyọ kan níbẹ̀.

Ẹni tó bá wo ilẹ̀ náà ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ ì bá sọ pé ó ti tán. Kò tán, ó wà nínú àká. Nígbà tí wọ́n gé koríko tí wọ́n sì túlẹ̀ tí ẹrẹ̀ fi rí oòrùn, hóró tó ti ń sùn nínú ilẹ̀ jí, ewéko náà sì padà. Láti ìgbà náà, iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò láti ọdún dé ọdún, bí omi àti ẹrẹ̀ bá ti rí. L. C. Frost, onímọ̀ láti Yunifásítì Bristol, ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1981. Lára ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé rírú ilẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún ewéko yìí, kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀.

Kókó tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mú níbí ni pé àìrí ewéko lójú ilẹ̀ yàtọ̀ sí píparun rẹ̀. Fún ẹ̀yà ọlọ́dún kan tó ní àká irúgbìn, ọdún kan tí a kò rí i kì í ṣe ẹ̀rí ikú. Ṣùgbọ́n àká kankan kì í wà títí láé. Hóró inú ilẹ̀ ń gbó, ó ń jẹrà, kòkòrò ń jẹ ẹ́. Bí kò bá sí ewéko tó ń so láti fi òmíràn kún un, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àká yóò ṣófo.

8.7 Àwọn ọ̀nà ìdáàbòbò

*Òfin.* Òfin Ìlú Ọba ti ọdún 1981 lórí ẹranko ìgbẹ́ àti ìgbèríko fi orúkọ ahọ́n-ejò àbàtà sínú Ìtòjọ Kẹjọ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ já a, fà á tu, pa á run tàbí tà á.

*Omi.* Bí a bá gbẹ́ kòtò tó ń fa omi kúrò nínú oko tó wà nítòsí, ọ̀gọ̀dọ̀ lè má kún nígbà òtútù mọ́. Ajílẹ̀ tó bá ṣàn wọlé láti oko náà burú ní ọ̀nà tirẹ̀: koríko ni yóò jẹ ẹ́, tí yóò sì fi lágbára lé ewéko kékeré lórí. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀ tí kò tó pulọ́ọ̀tì kan gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn onílẹ̀ tó yí i ká ń ṣe.

*Rírú ilẹ̀.* Lẹ́yìn tí èso bá ti bọ́ ni a ń ṣe èyí, kì í ṣe nígbà òdòdó. A kì í tú gbogbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan ni lọ́dún yìí, apá mìíràn ni lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí ojú ọjọ́ bá ba ti ọ̀hún jẹ́, àká irúgbìn apá kejì ṣì wà. Níbi tí màlúù bá wà, tí wọn kò sì pọ̀ jù, iṣẹ́ wọn dára ju ti ọkọ́ lọ.

*Àká ẹ̀yìn odi.* A lè kó hóró díẹ̀ lọ sí ilé ìpamọ́ irúgbìn, kí a gbẹ ẹ́, kí a sì fi í sí ibi tútù. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kan wà ní Wakehurst ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ ọgbà ewéko Kew. Wọ́n ṣí i ní 2000. Ìlànà wọn ni pé a kò gbọdọ̀ kó ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún hóró tó wà lára ewéko lọ́jọ́ náà. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí NACGRAB ló ń ṣe irú ìpamọ́ yìí fún ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa. Hóró inú fìríìjì kò lè rọ́pò hóró inú ẹrẹ̀. Ó wà de ọjọ́ ìjàǹbá ni.

8.8 Kíkà iye ewéko

A kò lè mọ̀ bóyá ìdáàbòbò ń ṣiṣẹ́ bí a kò bá ka ewéko ní ọ̀nà kan náà, ní àkókò kan náà, lọ́dọọdún. Férémù ìkà ni igi tàbí wáyà onígun mẹ́rin tí a ń gbé kalẹ̀, tí a sì ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

*Àpẹẹrẹ ìṣirò* (a ṣe é fún ẹ̀kọ́ nìkan, kì í ṣe iye ti Badgeworth): Ẹ̀gbẹ́ férémù kan jẹ́ 0.5 mítà. A gbé e kalẹ̀ ní ibi 20 lórí ẹrẹ̀ láìṣàṣàyàn, a sì ka ewéko 35 lápapọ̀. Ẹrẹ̀ tí kò ní koríko fẹ̀ tó 40 mítà onígun mẹ́rin. Ewéko mélòó ló wà níbẹ̀?

Fífẹ̀ férémù: 0.5 × 0.5 = 0.25 mítà onígun mẹ́rin.
Ìṣirò àárín: 35 ÷ 20 = 1.75 fún férémù kan.
Fún mítà onígun mẹ́rin kan: 1.75 ÷ 0.25 = 7.
Fún gbogbo ẹrẹ̀: 7 × 40 = 280.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi 7 pọ̀ mọ́ fífẹ̀ gbogbo ilẹ̀ ìpamọ́. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ 300 mítà onígun mẹ́rin, wọ́n á sọ pé ewéko 2,100 ló wà níbẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Orí ẹrẹ̀ nìkan ni a ti kà, nítorí náà orí ẹrẹ̀ nìkan ni èsì lè sọ̀rọ̀ lé.

8.9 Àwọn kókó

- Àwọ̀ òdòdó kì í dá ẹ̀yà mọ̀. Ewé ìsàlẹ̀, ìtóbi òdòdó àti ara èso ni a ń wò.
- Ahọ́n-ejò àbàtà jẹ́ ewéko ọlọ́dún kan tó nílò omi nígbà òtútù àti ẹrẹ̀ tó ṣí sílẹ̀.
- Ọgbà Badgeworth dá màlúù dúró, koríko bo ẹrẹ̀, ewéko sì dín kù. Àká irúgbìn ló yọ ọ́.
- Òfin, omi, rírú ilẹ̀, ìpamọ́ hóró àti kíkà ọdọọdún ń ran ara wọn lọ́wọ́.

8.10 Ìdánrawò

*Apá A: Mú ìdáhùn tó tọ̀nà.*

1. Èwo ló fi *Caltha palustris* hàn yàtọ̀ sí ìran *Ranunculus*? (a) àwọ̀ ìyeyè (b) àìní sẹ́pàlì aláwọ̀ ewé lẹ́yìn òdòdó (d) híhù nínú omi (e) gíga rẹ̀
2. A rí òdòdó ìyeyè onípẹ́tàlì 4 ní àkùrò, àpò èso gígùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìran wo ló ṣeé ṣe kí ó jẹ́? (a) *Ranunculus* (b) *Utricularia* (d) *Ludwigia* (e) *Caltha*
3. Ìgbà wo ló yẹ kí a rú ẹrẹ̀ fún ahọ́n-ejò àbàtà? (a) nígbà tó ń tanná (b) kí èso tó gbó (d) lẹ́yìn tí èso bá bọ́ (e) ìgbàkígbà

*Apá B: Dáhùn ní ṣókí.*

4. Kí ni àká irúgbìn inú ilẹ̀? Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì fún ewéko ọlọ́dún kan ju ti ọlọ́dún púpọ̀ lọ?
5. Ṣàlàyé, ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, bí ọgbà ṣe mú kí ahọ́n-ejò àbàtà dín kù ní Badgeworth.
6. Férémù kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 1 ni a gbé kalẹ̀ ní ibi 15. A ka ewéko 45. Ẹrẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ jẹ́ 60 mítà onígun mẹ́rin. Ṣírò iye ewéko tó wà lórí ẹrẹ̀ náà.
7. Ẹnì kan ní kí a da simẹ́ńtì sí etí ọ̀gọ̀dọ̀ kan kí ẹrẹ̀ má baà dọ̀tí. Sọ ohun méjì tí èyí yóò ṣe sí ewéko ọlọ́dún kan tó ń hù sí etí náà.

*Apá D: Iṣẹ́ ìta.*

8. Pẹ̀lú olùkọ́ yín, ẹ lọ sí àkùrò tàbí etí odò tó wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ wá ewéko olódòdó ìyeyè mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye pẹ́tàlì, fífẹ̀ òdòdó ní mìlímítà, ìrísí ewé ìsàlẹ̀, irú èso, àti ibi tó dúró sí: inú omi, etí omi tàbí orí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ bi àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ léèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ wá fi àkọsílẹ̀ yín ṣe kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ oníhà méjì tí ọmọ kíláàsì mìíràn lè lò. Ẹ má ṣe fa ewéko kankan tu: ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n níbi tó dúró sí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kí ó so.